Bàámi, Àṣàkẹ́ Kò Tíì Lọ Ilé Ọkọ

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú ojú lọ́nà wa, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òjò tó ń rọ̀ láìdúró. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà ní Ìgàndò yìí. Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ kọ́kọ́ gba ìdọ̀bálẹ̀ náà. Màámi, ẹ kú ìdákẹ́, nítorí mo gbọ́ pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ kò ti sọ nǹkan kan, ìdákẹ́ yín sì ń dùn mí ju ariwo àwọn yòókù lọ. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí mi ò tíì rí. Àṣàkẹ́ àbúrò mi ń kí gbogbo yín. Ara rẹ̀ le. Kò lóyún, kò lọ́kọ, ìdánwò ló ń kàwé fún.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni ẹ ti ń ka lẹ́tà yìí, tí kì í ṣe inú àpòòwé. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Ohùn yín tí ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù alága wa, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, nínú gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣèpàdé ní Ìkòtún. Alága gbé fóònù náà sẹ́nu ẹ̀rọ agbóhùnsókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ pé èmi Gàníyù ti sọ ọmọ òun di ìyàwó ní gbangba Èkó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bí i, àti pé kí ẹgbẹ́ rí i pé mo dá ọmọ náà padà sílé. Àwọn kan mí kanlẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń ta páànù, tó jókòó lẹ́yìn mi, fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní ṣé mo ti jẹ owó orí ìyàwó náà tán ni àbí ó ṣì ku díẹ̀ tí a lè fi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ sí mi lójú ọjà, mi ò lè wọ yàrá lọ dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fún mi láyè nínú ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le, kí ẹ lè fara balẹ̀ ka ìyókù. Ẹ ní kí n mú Àṣàkẹ́ wálé bí sáà yìí bá ti parí, kó wá kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ìyàwó Bàbá Kékeré. Mi ò ní mú un wá. Yóò parí ìwé rẹ̀ níbí, yóò sì máa ṣe ẹgbẹ́ àṣà tó ń ṣe nílé ìwé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́, mi ò sì tíì dìde, ṣùgbọ́n mi ò ní mú un wá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, nítorí èyí tí ẹ gbọ́ kì í ṣe odidi.

Iṣẹ́ táìlì ni mò ń ṣe, ẹ̀yin náà mọ̀. Orí eékún ni mo ti ń lo ọjọ́ ayé mi, nínú ilé onílé, lónìí ní Gowon Estate, lọ́la ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo máa ń lẹ ilẹ̀ tó ń dán fún àwọn ẹlòmíràn, màá wá padà sí yàrá tí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ ti fọ́. Mi ò ráhùn, iṣẹ́ náà ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí Àṣàkẹ́ tó dé, mo lè wà títí ọ̀sẹ̀ á fi parí kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ tí ẹ sọ mí. Oní-táìlì ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Onílé ń pè mí ní Bọ̀ọ̀sì-kwátásì, nítorí ìdí ilé lẹ́yìn pátápátá ni yàrá mi wà. Bí òjò bá ń rọ̀, tí iṣẹ́ ò sí, mo máa ń jókòó máa wo ògiri. Ọjọ́ tí Àṣàkẹ́ wọlé, tó gbé ẹrù kalẹ̀, tó pè mí ní Ẹ̀gbọ́n mi Àjàní, ńṣe ni mo bọ́ síta bí ẹni tó fẹ́ lọ wo nǹkan.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi í ránṣẹ́ sí mi. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní abúlé ti lọ, wọn kò rán ẹlòmíràn wá, ẹ sì ní orí ọmọ náà pé, kó má lọ ṣòfò. Ẹ ní kí n wá ilé ìwé fún un. Mo wá a.

Ilé ìwé girama ìjọba ni, kò jìnnà sí wa. Ẹ má rò pé ibi olówó ni. Kíláàsì kún débi pé àwọn ọmọ ń jókòó sójú fèrèsé. Bí òjò bá rọ̀, pápá wọn á di adágún, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ á sì máa ké ju àwọn ọmọ tó ń ka ìwé lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn agogo ìkẹyìn, ibẹ̀ máa ń yí padà. Àwọn kan á gbé bọ́ọ̀lù jáde. Àwọn kan á máa jiyàn ní èdè òyìnbó bíi lọ́yà. Àwọn kan á máa fọn fèrè tí ohùn rẹ̀ kò bá ara wọn mu, àwọn kan á máa ro ẹ̀fọ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn kan á máa kọ ìròyìn ilé ìwé lẹ̀ mọ́ pátákó. Gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Òfin ilé ìwé ni. Kì í ṣe pé Àṣàkẹ́ lọ wá eré kiri.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ó kí tíṣà lórí eékún ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo kíláàsì hó yèè. Wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó. Ọmọ kan sọ ọ́ ní Ìyá Abúlé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Àṣàkẹ́ tí ẹ mọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó di ẹni tó ń fi orí dáhùn. Mo bi í léèrè, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo ní kó dárúkọ ọmọ tó sọ ọ́ lórúkọ fún mi, ó kọ̀, torí ó mọ irú ẹ̀gbọ́n tó ní.

Ẹgbẹ́ eléré sísá ló kọ́kọ́ wọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ṣòkòtò péńpé tí wọ́n ní kí wọ́n wọ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó lọ fi yẹ̀rì lé e lórí, yẹ̀rì náà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ó tún lọ sí ẹgbẹ́ àwọn ajiyàn. Èdè òyìnbó rẹ̀ kò tíì yá nígbà náà, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bó ṣe dé ẹgbẹ́ àṣà nìyẹn. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọn kò tíì fi í rẹ́rìn-ín.

Tíṣà Yorùbá wọn ló ń darí ẹgbẹ́ náà, obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ó ní kí olúkúlùkù mú ohun kan wá láti ìlú bàbá rẹ̀. Àwọn yòókù mú ijó tí wọ́n rí lórí fóònù wá. Àṣàkẹ́ wá bá mi nílé. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun mọ̀ dáadáa, òun ò sì mọ̀ bóyá ó ṣeé mú lọ.

Màámi, ẹ̀yin ti mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn ọmọ wa tí a bí sí Èkó, tí ìwé yìí á bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n là á yé wọn. Ní ìlú wa, bí ọmọbìnrin bá ń lọ ilé ọkọ, yóò sun rárà. Yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dání, wọ́n á máa lọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò fi ohùn ẹkún dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, yóò kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, bàbá yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, yóò súre fún un. Ìyá mi ló ń kọ́ àwọn ìyàwó ní rárà. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti máa ń kọ́ ọ, Àṣàkẹ́ a sì máa lọ ata nítòsí wọn. Kò sí ẹni tó kọ́ òun, kò sì sí èyí tí kò mọ̀. Àwọn àgbà ilé wa a máa sọ pé ọmọ tí kò tíì ní ọkọ kò gbọ́dọ̀ sun ún, pé ẹkún rẹ̀ á tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù. Ó ní ṣé kóun ṣe é àbí kóun má ṣe é.

Mo ní kó ṣe é. Kí ẹ má wá ẹlòmíràn bá wí. Kì í ṣe tíṣà, kì í ṣe ẹgbẹ́ búburú, kì í ṣe Èkó. Èmi ni mo ní kó ṣe é, bó bá sì tún bi mí lónìí, ohun kan náà ni màá sọ.

Ọjọ́ tí ilé ìwé pe àwọn òbí wá wo ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣe, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo lọ tòun ti sìmẹ́ńtì lára ṣòkòtò mi. Wọ́n ta àtíbàbà. Àwọn oníbọ́ọ̀lù ti gbá tiwọn, àwọn onífèrè ti fọn tiwọn, Ọlọ́run ló yọ wá. Ó wá kan ẹgbẹ́ àṣà. Ìgbéyàwó ni wọ́n ṣe. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì wọ agbádá tí ilé ìwé yá, ó jókòó gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìyàwó. Àṣàkẹ́ jáde pẹ̀lú òfì Màámi tó gbé wá láti ilé. Àwọn ọmọ tó ń pè é ní Ìyá Abúlé wà níwájú, wọ́n ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó la ẹnu.

Bàámi, ó kì yín. Orúkọ yín ló fi ṣáájú. Ó ki agbo ilé wa láti òkè dé ilẹ̀, kò fo ẹnì kankan. Ó dúpẹ́ fún oyún tí Màámi gbé àti èyí tí wọ́n gbé tí kò dúró. Ó ní bóun bá ń lọ, kí ẹsẹ̀ òun má kọ. Àwọn tó ń ta nǹkan lẹ́nu géètì wọlé wá dúró. Ọ̀gá ilé ìwé bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún, àfi bíi pé awò náà ló ń sunkún. Ìyá kan tó jókòó tì mí, ọmọ Ìgbò ni, kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ káàárọ̀ lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló gbọ́. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, ọmọ òun obìnrin tó wà lókè òkun lòun ń rántí. Àwọn ọmọ iwájú kò fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn mọ́. Àṣàkẹ́ wá kúnlẹ̀ níwájú tíṣà jọ́gíráfì, tíṣà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un. Ibẹ̀ ni ọmọ kan ti ya fídíò.

Fídíò náà ló dé ọwọ́ ọmọ ìlú wa kan tó ń ránṣọ ní ibùdókọ̀ Pleasure. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó rí Àṣàkẹ́, ó rí òfì, ó gbọ́ rárà, ó rí bàbá tó wọ agbádá. Ta ni í sun rárà bí kò ṣe ẹni tó ń lọ ilé ọkọ? Ó fi ránṣẹ́ sílé, ó ní kí wọ́n bá yín yọ̀. Mi ò bá a jà. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ibòmíràn ì bá mọ̀ pé eré ọmọ ilé ìwé ni. Ọmọ ìlú wa ló lè gbọ́ ohùn yẹn kó sì gbà á gbọ́ pátápátá.

Mo gbọ́ bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín. Mo gbọ́ pé oko lẹ ti ń bọ̀ nígbà tí wọ́n pàdé yín lọ́nà, tí wọ́n ń kí yín kú oríire. Mo gbọ́ pé Bàbá Kékeré béèrè iṣu ìdáná tiwọn, pé àwọn ò mọ̀ pé ẹ lè dá nìkan jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ pé ìmáàmù ti ń ṣe àdúà fún tọkọtaya kí ẹ tó lè la ẹnu, ẹ sì ń ṣe àmín, nítorí ojú tì yín láti sọ pé ẹ kò mọ ọkọ ọmọ yín. Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ foríjì mí. Lẹ́yìn náà ó dùn mí, ó sì dùn mí pẹ́.

Mo pè yín, mo ṣàlàyé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àfi bí ẹ ṣe ní bó bá jẹ́ eré ni, ó tún wá burú jù. Ẹ ní ìwé lẹ rán an lọ kà. Ẹ ní rárà kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ wá bi mí pé ta ni ọkùnrin tó gbé ọwọ́ lé ọmọ yín lórí. Kí n tó dáhùn, ẹ ti pa fóònù. Nínú ohùn tí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ìpàdé, ẹ ò fẹnu ba ìbéèrè yẹn rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ni mí. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń dùn yín.

Màá dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ẹ ní ìwé lẹ rán an lọ kà. Ó ń kà á. Kó tó wọ ẹgbẹ́ àṣà, kò lè dìde ní kíláàsì kó dáhùn ìbéèrè. Nísinsìnyí tíṣà ìṣirò ní kí n bá òun sọ fún un kó máa jẹ́ kí àwọn yòókù náà dáhùn. Àwọn ọmọ náà ṣì ń pè é ní Ìyá Abúlé, ṣùgbọ́n bí ẹni ń pe olóyè ni wọ́n ń pè é báyìí. Ẹ ò sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri ilé ìwé yẹn. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n ń jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sán, tí wọ́n ń fa ohun tí kò dára, tí wọ́n sì ń dúró de ọmọ tó bá jáde láìní ibi tó ń lọ. Ọmọ tó wà nínú ọgbà tó ń fọn fèrè burúkú, wọn ò rí i pè. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀, wọn ò rí i pè. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òfò ni àkókò yẹn, ẹ ní kó wá dúró lẹ́nu géètì náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kó wo àwọn tó ń dúró síta.

Bàbá Kékeré ní owó tí mò ń ná sórí ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ eré, ǹ bá fi tún òrùlé ilé wa ṣe. Òrùlé náà wà lọ́kàn mi, màá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n owó eékún mi ni, mo sì mọ ohun tí mò ń rà.

Èmi náà lọ ilé ìwé, Bàámi. Bí agogo bá ti lù, oko ni. Mi ò bá yín wí, oko yẹn ló bọ́ wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ títí mo fi parí, kò sí tíṣà kan tó bi mí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n bi Àṣàkẹ́. Ó sì ní ohun tó lè dáhùn. Kí n wá sọ fún un pé kó padà lọ panu mọ́?

Ẹ ní rárà kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́. Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín léèrè: ìyàwó wo ló sun rárà gbẹ̀yìn ní agbo ilé wa? Nígbà tí mo wálé wá ṣe ìgbéyàwó ọmọbìnrin Bàbá Kékeré, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńláńlá ni wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, orin tí kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá ló ń dún. Ìyàwó náà ní òun ò lè sun rárà, omijé á ba àtíkè òun jẹ́. Màámi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti múra, wọ́n ń dúró bóyá ẹnì kan á wá kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn. Ẹnikẹ́ni ò wá. Mo rí wọn. Ẹ̀yin náà rí wọn. Kò sí ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ sí ìpàdé kankan nítorí ìyẹn. Nílé, ẹ jẹ́ kó kú mọ́ yín lọ́wọ́. Àwa tí a jí i dìde nínú ọgbà ilé ìwé kan ní Ìgàndò lẹ wá ń bá wí. Ọ̀rọ̀ yìí le, mo mọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn tó ní ẹkún rẹ̀ á tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ọmọ Màámi ni. Ẹkún tó wà nílẹ̀ á ṣẹ́kù.

Ó wá ku ọkùnrin tó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni tíṣà jọ́gíráfì, ó ní ìyàwó àti ọmọ, òun ni wọ́n bẹ̀ nítorí agbádá náà gùn jù fún àwọn tíṣà yòókù. Kò sí aburú kankan lọ́kàn rẹ̀. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí pé eré lásán ni, kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Àṣàkẹ́ ni kò jẹ́ kí n kọ bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ àṣà wọn máa lọ síbi ìdíje ní sáà tó ń bọ̀. Àwọn ilé ìwé ìjọba tó wà ní Alímòṣọ́ ló máa pàdé, òun ni ilé ìwé wọn sì fi ṣe ìyàwó. Ìmúra ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí tíṣà jọ́gíráfì tún gbé agbádá wọ̀, Àṣàkẹ́ sun rárà dé ibi tó yẹ kó ti kúnlẹ̀, ó dúró gbọnin. Ìyá Ìbejì ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ò ní kúnlẹ̀ o, kí wọ́n má bínú, òun ní bàbá. Ìyá Ìbejì ní ta ló sọ pé kò ní, ṣebí eré là ń ṣe. Àṣàkẹ́ ní bó bá jẹ́ eré ni, kí wọ́n jẹ́ kóun ṣe é láìsí bàbá. Tíṣà jọ́gíráfì bọ́ agbádá, ó ní òun ò bínú rárá, ooru tilẹ̀ ti fẹ́ pa òun nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì wá mi wá síbi iṣẹ́. Òjò ti rọ̀, wọ́n gbé bàtà wọn dání. Orí táìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ni wọ́n dúró sí, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà láti ilẹ̀. Wọ́n ní ọmọ yìí fẹ́ ba iṣẹ́ àwọn jẹ́. Wọ́n ní àwọn adájọ́ á yọ máàkì, pé rárà tí kò ní ìwúre bàbá nínú, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Wọ́n ní kí n bá a sọ̀rọ̀, èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń gbọ́ tèmi. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, mà.

Mo bá a sọ̀rọ̀ ṣá, nígbà tí a ń jẹun. Ó ní ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bí ọkùnrin náà ṣe gbé ọwọ́ lé òun lórí, ohun tó sọ sí òun lọ́kàn ni pé Bàámi ti kú. Ó ní ọwọ́ náà fúyẹ́ jù. Ó ní àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, òun ń wá ẹni tí òun á gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láti pè yín, òun ò sì mọ ohun tí òun fẹ́ sọ bí ẹ bá gbé e. Ó ní kí wọ́n yọ gbogbo máàkì tó bá wù wọ́n, kò sí ẹni tó máa tún súre bàbá fún òun nígbà tí bàbá òun ṣì ń mí. Ó wá bu omi mu, ó ní kí n fi ẹran tó kù fún òun.

Bàámi, ẹ̀yin àti ọmọ náà kò rí ara yín, ẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀, ohun kan náà lẹ jọ bínú sí. Ọmọ tí ẹ ní Èkó ti gbà lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Nítorí náà, èmi àti Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ parí. Àga bàbá ìyàwó á wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní jókòó sí i àfi ẹ̀yin. Wọ́n bi mí pé ṣé ẹ máa wá. Mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn Èkó, pé ẹ ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń rùn. Ó ń rùn lóòótọ́. Owó ọkọ̀ yín wà lọ́wọ́ mi. Ìyànà Ìpájà ni màá ti wá pàdé yín, ẹ ò ní dá rìn kọjá ibẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì mi lẹ máa sùn, èmi á wà nílẹ̀. Kí ẹ mú agbádá tiyín dání. Bí ẹ bá rán Bàbá Kékeré wá pé kí wọ́n mú ọmọ náà, màá gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n á jẹ, wọ́n á sùn, àwọn nìkan ni wọ́n á sì padà.

Bí ẹ bá wá, ẹ̀yin ni yóò kúnlẹ̀ fún. Bí ẹ kò bá wá, ibi tó yẹ kí ẹ jókòó sí náà ni yóò kúnlẹ̀ sí, lójú gbogbo Alímòṣọ́, yóò sì kì yín bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀. Kí wọ́n yọ máàkì. Ẹ lè bínú sí mi títí di ọjọ́ náà, ẹ sì lè máa bá a lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò kúnlẹ̀, Bàámi, yóò sì sun ún parí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Iṣu tí ẹ gbìn kò ní rà, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín á fúyẹ́, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, ẹ bá mi kí ìmáàmù, ẹ ní àdúà wọn kò ṣòfò, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ rẹ̀. Màámi, bí Bàámi bá ní àwọn ò lọ, ẹ̀yin ẹ máa bọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò gbọ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí nìkan,

Gàníyù Àjàní,
Ìgàndò.